Àga ìjẹun: ẹ má gbé aṣọ tuntun lé ògbólógbòó

Ará Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó béèrè iye yáàdì tó máa ká àga ìjẹun mẹ́fà, ìdáhùn rẹ ń bọ̀, àmọ́ aṣọ kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ló ń sọ bí àga náà yóò ṣe pẹ́ tó.

Ẹ dojú àga dé. Sukúrù mẹ́rin ló sábà máa ń di ìjókòó mú láti ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó tú wọn, ẹ kọ nọ́ńbà sí abẹ́ pákó ìjókòó àti sára férémù tirẹ̀. Ọwọ́ ni àwọn káfíńtà wa fi ń gé e, pákó àga kan kì í sábà wọ inú òmíràn.

Ẹ ki ẹnu sukúrùdíráífà pẹlẹbẹ bọ abẹ́ píìnì tó di aṣọ mọ́ pákó, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀mú fà á yọ. Iṣẹ́ yìí ló ń sú èèyàn jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé aṣọ tuntun lé ti àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìjókòó tó ń bọ́ sínú férémù kò ní ju àlàfo mìlímítà 3 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ kan péré ni àyè yẹn wà fún. Tí aṣọ bá di méjì, ẹ ó máa fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a wọlé, oríkèé férémù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tí ẹsẹ̀ àga bá wá ń mì, igi ni ẹ ó máa bú. Ti ìdun tún ń bẹ níbẹ̀: inú ìṣẹ́po aṣọ àti ẹ̀bá píìnì ló ń sápamọ́ sí, aṣọ tuntun kò sì lé e lọ. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ da omi gbígbóná sí férémù níbi tí kò bá sí fáníìṣì, kí ẹ sì sá pákó sí oòrùn.

Fóòmù ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ ra etí ti àtijọ́. Bó bá ń di ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti kú nìyẹn. Íǹṣì 2 ni ẹ rà, kó sì le. Ẹ má fi títẹ̀ nìkan mọ èyí tó dára, nítorí fóòmù fúyẹ́fúyẹ́ náà lè le lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tà á. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú lóròó, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, yẹ kó tó nǹkan bíi gíráàmù 300. Bí ó bá jẹ́ 180, ti ìdìrù ni, kì í ṣe ti ìdí èèyàn.

Fún ìjókòó tó ń bọ́ sínú férémù, ẹ gé fóòmù ní ìwọ̀n pákó gan-an. Tó bá jẹ́ èyí tó gun orí férémù, ẹ jẹ́ kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì yọ síta yíká, kí etí rẹ̀ lè rọ̀. Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà dára: ẹ fi sára pákó àti fóòmù, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń kánjú lẹ̀ ẹ́ ní tútù ni fóòmù wọn ń ṣí kiri.

Ó wá ku aṣọ. Pákó íǹṣì 18, ẹ fi fóòmù 2 kún un lápá méjèèjì, ẹ tún fi 2½ kún un lápá méjèèjì fún kíká: 27 nìyẹn. Aṣọ àga tó fẹ̀ ní íǹṣì 54 yóò gba ìjókòó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìṣẹ́kù. Fún àga mẹ́fà, ìlà mẹ́ta jẹ́ íǹṣì 81, yáàdì 2¼. Ẹ ra 2½, torí pé ìgé ọjà Gbági kì í fìgbà gbogbo tọ́. Ẹ rí i pé ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á, nítorí tó bá jẹ́ 45, ìjókòó kan péré ni ìlà kọ̀ọ̀kan yóò gbà, yáàdì 4½ lẹ ó rà. Aṣọ olódòdó ńlá yóò jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ fi ìbọn píìnì yin píìnì kan sí àárín iwájú, kan sí àárín ẹ̀yìn, kan sí ọ̀tún, kan sí òsì. Láti àárín ni ẹ ti máa lọ sí igun, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, ẹ sì dúró ní íǹṣì 2 sí igun. Ẹni tó bá yin ẹ̀gbẹ́ kan tán pátá kó tó kan èkejì, ìlà aṣọ rẹ̀ á wọ́. Ní igun, ẹ fa ṣóńṣó aṣọ wá sí àárín pákó, ẹ yin ín, ẹ gé àṣẹ́kù, kí ẹ wá ká ọ̀tún àti òsì kojú ara wọn.

Ará Bódìjà:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Lẹ́dà yàtọ̀ o. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí mẹ́fà sí ara pákó kí ẹ tó lẹ fóòmù. Atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú lẹ́dà kọjá. Téèyàn bá jókòó tí atẹ́gùn inú fóòmù kò rí ọ̀nà jáde, ojú rírán ló ń fà ya. Ẹ sá lẹ́dà sí oòrùn díẹ̀ kí ẹ tó fà á, kó lè rọ̀, ní pàtàkì lásìkò ọyẹ́. Ihò píìnì kì í dí lára rẹ̀ bíi ti àrán, nítorí náà ẹ má yin ibi tí yóò hàn síta.

Ará Òkè-Àdó:

Ṣé aṣọ òkè tó ṣẹ́kù nínú ti ìgbéyàwó ṣeé lò, ẹ̀yin àgbà?

Ará Mọ́kọ́lá:

Ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ gọ́ọ̀mù-sìtéè, aṣọ ẹlẹ́gọ́ọ̀mù tí àwọn aránṣọ fi ń mú aṣọ le, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ ni ibi àìlera rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà rẹ̀ lọ láti iwájú sí ẹ̀yìn. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ibi tí itan ń tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Èyí tó ní òwú dídán máa ń fi ara kọ́ bọ́tìnì ṣòkòtò, ẹ fi ìyẹn sí àga tí ẹnìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó lé.

Ará Àpáta:

Ẹ má gbàgbé sukúrù. Tí ihò rẹ̀ bá ti gbòòrò, ẹ ki igi ìṣáná mẹ́ta tí ẹ ti ri sínú gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ibi tí aṣọ bá bo ihò, ẹ gé e ní àgbélébùú kékeré; tí ẹ bá fi dírílì lù ú bẹ́ẹ̀, ó lè wé òwú kan, kó fà á já títí dé ojú ìjókòó. Kí ẹ sì wọn gígùn sukúrù tuntun: ìwọ̀nba tó wọnú puláíwúùdù tó jẹ́ pákó ìjókòó kò gbọdọ̀ tó ìdajì íǹṣì, torí gbogbo nínípọn rẹ̀ ò ju ìdajì íǹṣì náà lọ.