Ọ̀nà wo ni a lè gbà bu ọlá fún olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fẹ̀yìn tì. Wọn kì í fi máàkì lásán dá àròkọ padà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọn á kọ ìdí tí gbólóhùn kan fi wọ́, wọn á sì ní kí a tún un kọ títí èrò wa yóò fi hàn kedere. Kí ni a lè ṣe fún wọn?

Ìdáhùn 1: Ẹ kó àròkọ jọ sínú ìwé kan, irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Festschrift, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹlẹgbẹ́ fi ń yẹ́ ọ̀mọ̀wé sí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó. Ẹ yẹ gírámà rẹ̀ wò dáadáa o, kí wọ́n má baà fa ìlà pupa sí i!

Ìdáhùn 2: Ẹ lè gbé e fún wọn ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé, tí a ti ń ṣe láti ọdún 1994.

Ìdáhùn 3: Ìwé dára, ṣùgbọ́n ní tèmi, àbẹ̀wò ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣàárò ohùn wọn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. A ó kọ ìwé náà, a ó sì fi ọwọ́ ara wa gbé e lọ.