Ìmọra-ẹni kọ́, ìdára-ẹni-mọ̀ ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìmọra-ẹni" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin inú ìtàn àròsọ tó dé etí omi, tó sì wá rí irú ẹni tí òun jẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Ní Àgbádárìgì níbí, obìnrin tó bá fẹ́ ṣe tinú ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé "mọ̀wọ̀n ara ẹ". Ẹni tó mọ ara ẹ̀, lẹ́nu àwọn àgbà, ni ẹni tí kì í kọjá àyè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn á so obìnrin náà mọ́lẹ̀ níbi tí ìtàn ti fẹ́ tú u sílẹ̀.

"Ìṣàwárí ara ẹni" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ohun tó sọnù là ń ṣàwárí. Ẹ wo Edna nínú ìwé ìtàn àròsọ The Awakening tí Kate Chopin gbé jáde ní 1899. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ tipẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ara ẹ̀ gbà á, ó dá lúwẹ̀ẹ́ síwájú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bí etíkun ti jìnnà sí i, ẹ̀rù ikú bà á, ó padà. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀, ọkọ ní kò kúkú jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òun ń wò ó. Obìnrin yẹn ò wá nǹkan kan. Ẹni tó ti wà nínú ẹ̀ látọjọ́ yìí ló dá mọ̀, bí ìyá ṣe ń dá ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi mọ̀. "Ìdára-ẹni-mọ̀" ni mo fara mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ká máa pe omi tó jẹ́ àmì òmìnira obìnrin náà ní "òkun" nínú gbogbo ìtàn. Rárá o. Nínú ìwé ìtàn àròsọ Efuru tí Flora Nwapa gbé jáde ní 1966, adágún ni Uhamiri, òrìṣà tó yan Efuru, ń gbé. Àwa tí ọ̀sà yí ká kì í da omi pọ̀ mọ́ra wọn: ọ̀sà là ń gbà lọ ọjà, kí a tó fojú kan òkun, a ó wọkọ̀ dé erékùṣù Gberefu, a ó tún fẹsẹ̀ wọ́ yanrìn. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òkun. Òǹkọ̀wé tó bá mú obìnrin lọ dúró síwájú ìgbì yẹn kò lè fi òkun pe òmìnira lásán.

Ẹ jẹ́ ká kọ "àmì omi", kí oníkálukú wá dárúkọ omi tó wà nínú ìtàn tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n, mò ń retí èsì yín lórí èyí gan-an.