Ibo lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ Jazz Samba? Ẹ wá sọ tiyín

Okùn_Mẹ́fà:
Ẹ kú ilé o. Òjò ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà kan ní Peckham. Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan, mo kàn ń dúró kí òjò dá ni. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àwọn ọmọdé, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo rí páálí kan tí kò ní àwòrán èèyàn níwájú, ọ̀dà ni wọ́n kùn síbẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Jazz Samba ni, àwo Stan Getz tó ń fọn sasofóònù àti Charlie Byrd tó ń ta gìtá. Pọ́n-ùn méjì. Mo mọ Getz díẹ̀, mi ò mọ Byrd rí. Mo délé, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, Desafinado ló kọ́kọ́ jáde. Tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀ ni mo dúró sójú kan títí ojú kìíní fi tán. Gìtá yẹn! Kò pariwo, kò sáré, àmọ́ kò jẹ́ kí n jókòó.
Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ wá sọ pé orin inú lífítì ni, ẹ jọ̀ọ́, kó gba ibòmíì lọ.

Ẹlẹ́jọ́:
Orin inú lífítì ni.

Àdùkẹ́_Surulere:
Ẹlẹ́jọ́, ẹ ò ní yí padà láéláé! Tèmi, orí fóònù ni. Báńkì kan gbé owó mi mì, mo pè wọ́n, bossa nova, irú orin Brazil tó wà lórí àwo yẹn, ni wọ́n fi sílẹ̀ kí n máa gbọ́ títí ẹnìkan á fi dá mi lóhùn. Ogójì ìṣẹ́jú! Orin náà á parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé fóònù, ara mi ti rọ̀ débi pé mo kí i káàárọ̀ kí n tó rántí pé ìjà ni mo wá jà. Owó náà ò tíì jáde títí dòní. Àmọ́ mo mọ orin náà kọ dáadáa.

Bọ̀dá_Tẹnọ̀:
Ẹ jẹ́ kí èmi onígìtá sọ tèmi, yóò gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta tẹnọ̀ gìtá lẹ́yìn ọ̀gá onijùjú kan n'Ìbàdàn. Àbúrò mi kan tó ti Amẹ́ríkà dé ló fi Jazz Samba sórí fóònù mi. Mo rí orin kan níbẹ̀, Samba de Uma Nota Só. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni sámbà olóhùn kan ṣoṣo. Mo ní ṣé ohùn kan náà nìyí? Alẹ́ kan péré ni n óò fi kọ́ ọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ẹ wò ó, Byrd kì í lo píìkì. Okùn ọ̀rá ló wà lára gìtá rẹ̀, ìka ló fi ń ta á bí àwọn onígìtá kílásíkà. Òun náà kọ́ ọ lóòótọ́, ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ Segovia, ọ̀gá onígìtá kílásíkà, ní Ítálì lọ́dún 1954. Èmi, wáyà àti píìkì ni ọwọ́ mi mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ta bossa nova, àtàǹpàkò yín ni ìlù ńlá, òun ni á máa dún gbì… gbì… láìyẹsẹ̀. Ìka mẹ́ta yòókù á já okùn mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìlù kékeré tí àwọn ará Brazil ń pè ní tamborim, àmọ́ wọn ò ní bọ́ sórí gbì yẹn! Wọn á ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, tàbí kí wọ́n pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. João Gilberto, olórin ọmọ Brazil, ló fi ọ̀nà yẹn lélẹ̀. Wọ́n ní inú balùwẹ̀ nílé arábìnrin rẹ̀ ní Diamantina ló máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ tó bá ń dán an wò, torí bí ohùn ṣe ń dáhùn padà níbẹ̀. Èmi náà wọ balùwẹ̀ tiwa. Ìyàwó mi ní ṣé inú ń run mí ni.
Lọ́jọ́ tí mo wá dán an wò lóde ìnáwó, bí mo ṣe ta á bíi ìlà mẹ́rin báyìí, ọ̀gá mi rọra yíjú padà, ó gbé máíkì kúrò lẹ́nu, ó ní: “Tẹnọ̀, ta ló kú?”

Ìyá_Ìbejì_Leeds:
“Ta ló kú?” Mo rẹ́rìn-ín débi pé Kẹ́hìndé jí.

Ará_Laurel:
Bọ̀dá Tẹnọ̀, ẹ ò ṣeé fojú fo. Maryland ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ká àwo yẹn sílẹ̀ gan-an ni mo lọ jẹ ìgbéyàwó. All Souls ni, ní Washington, gbọ̀ngàn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pierce Hall. Ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé 1962 ni. Getz àti Creed Taylor tó ṣe alábòójútó wọ bàálù wá láti New York, wákàtí bíi mẹ́ta ni wọ́n lò, ó parí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, òkè àjà ni mò ń wò, mo ń bi ara mi pé ibo ni wọ́n gbé máíkì sí. Ìyá ìyàwó rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹlẹ́jọ́:
Odindi àwo, wákàtí mẹ́ta? Irọ́ ńlá.

Bọ̀dá_Tẹnọ̀:
Kì í ṣe irọ́ o. Byrd àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ orin wọ̀nyẹn dénú egungun. Ìjọba Amẹ́ríkà rán wọn rìnrìn àjò lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 1961, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o bọ̀, wọ́n sì ti ń ta á nílé ijó ní Washington kí Getz tó dé. Getz nìkan ni àlejò. Ẹni tó bá ti ṣòde rí mọ̀ pé tí ẹ̀yìn bá ti dúró, ẹni iwájú á kàn máa kọrin lọ ni.

Àdùkẹ́_Surulere:
Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, wákàtí mẹ́ta ni “hẹ́lò, hẹ́lò, ẹ fi kún tèmi” nìkan ń gbà.

Okùn_Mẹ́fà:
Ibi tó ń dùn mí wá nìyí. Àwo yẹn dé ipò kìíní lórí àtẹ Billboard, ìwé Amẹ́ríkà tó ń to àwo tó tà jù, lọ́dún 1963. Àtẹ orin gbogbo gbòò ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti jáàsì nìkan. Getz gba Grammy lórí Desafinado, òun nìkan. Byrd tó lọ wá orin náà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta á tẹ́lẹ̀, kò rí nǹkan kan mú lọ sílé. Kóòtù ló gbà á lọ nígbẹ̀yìn nítorí owó àwo náà, ó sì jàre.

Wáyà_Já:
Okùn Mẹ́fà, ẹ ti tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀. Ọdún 2009, mo ta gìtá sí àwo orin ìyìn kan, orin mẹ́jọ, òru méjì, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká gbádùn. Ìrẹsì àti owó ọkọ̀ ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní “orúkọ yín á wà lára páálí, bọ̀dá.” Àwo jáde. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mo yọ ìwé inú rẹ̀, mo gbé e sún mọ́ iná. N ò rí ara mi. Ọmọ tó ń po tíì fún wa, orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀!

Ìyá_Ìbejì_Leeds:
Tíì náà dùn ni?

Wáyà_Já:
Ká má parọ́, ó dùn.

Bọ̀dá_Tẹnọ̀:
Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe èmi náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìkejì gan-an, ẹlòmíì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ibi tó yẹ kí tèmi wà, kò sì mọ gìtá ta. Mo rí i lójú ọ̀nà lẹ́yìn náà, ó kí mi, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ará_Laurel:
Ẹni yẹn láyà!

Olótìítọ́_Ọ̀rọ̀:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, Byrd, Byrd, Byrd. Àwọn tó ni orin ńkọ́? Tom Jobim àti Newton Mendonça, ọmọ Brazil méjì, ló kọ Desafinado. Mendonça kú lọ́dún 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ò tíì gbé gìtá nígbà yẹn, kò gbọ́ ariwo ọ̀hún rárá. Kò tán síbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ Byrd fúnra rẹ̀, onílù kan wà, Buddy Deppenschmidt. Ó sọ pé òun àti Keter Betts tó ń ta básì ni wọ́n kọ́ ìlù yẹn ní Brazil, tí àwọn sì ń fòòró Byrd kó ṣe é láwo. Ẹni tí wọ́n jẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ní ẹni tó jẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Okùn_Mẹ́fà:
Mi ò jiyàn. Àmọ́ tí kì í bá ṣe àwo pọ́n-ùn méjì yẹn, ibo ni mo ti fẹ́ mọ Mendonça?

Olótìítọ́_Ọ̀rọ̀:
Bẹ́ẹ̀ náà ni aláròbọ̀ máa ń wí fún àgbẹ̀.

Ẹlẹ́jọ́:
Ẹ gbà á!

Yétúndé_Bàhíà:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n gbé yín kúrò ní Washington. Orin kan wà lórí àwo yẹn tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ, Samba Triste. Baden Powell àti Billy Blanco ló kọ ọ́. Baden Powell yìí, ọmọ Brazil ni o! Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ràn Sìkáọ́ọ̀tù, ló bá sọ ọmọ lórúkọ òyìnbó tó dá a sílẹ̀. Àwo Byrd ló mú mi mọ orúkọ yẹn, kí n tó wá kọ́ èdè Potogí ní Salvador, ní Brazil.
Ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé ni ọdún Yemọja níbẹ̀, ní Rio Vermelho létí òkun. Gbogbo èèyàn wọ funfun, òdòdó lọ́wọ́, oòrùn ń pa wá. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí ọtí, wọ́n fi téèpù lẹ ìdí gìtá rẹ̀, ó ń ta ohun kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ìró kan náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ṣáá. Ó la ẹnu, ó ní “Ossanha.” Mo dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo ní Bàbá, ta lẹ ń pè? Ó ní òrìṣà ewé ni. Mo ní àwa náà ni a ni ín, Ọ̀sanyìn là ń pè é nílé. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun náà gbìyànjú, àmọ́ ìparí rẹ̀ ò gbà sí i lẹ́nu, “nya” ló ń já sí. Ó wá bi mí pé kí ni a ń pe ewé lédè wa. Mo ní “ewé.” Háà, ẹ rí ẹ̀rín! Ó ní bí àwọn ṣe ń kí òrìṣà náà nílé òrìṣà tiwọn nìyẹn, “Ewé ó!”
Orin yẹn wà lórí Os Afro-Sambas, àwo tí Baden Powell àti akéwì Vinicius de Moraes jọ ṣe lọ́dún 1966. Ṣàngó wà níbẹ̀, Yemọja wà níbẹ̀, Èṣù náà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ sọ ni pé ọ̀rọ̀ orin náà pe Ọ̀sanyìn ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọmọ_Oníṣègùn:
Ọ̀dàlẹ̀ kẹ̀? Ọ̀sanyìn? Bàbá tó bí bàbá mi ní ọ̀pá Ọ̀sanyìn, irin ni, ẹyẹ kékeré yí i ká, ẹyẹ ńlá kan dúró lókè. Ará ilẹ̀ wa mélòó ni ì bá ti kú tí kì í bá ṣe ewé? Ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń wo ẹlẹ́sẹ̀ méjì sàn, òun lẹ pè ní ọ̀dàlẹ̀?

Yétúndé_Bàhíà:
Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o! Orin ìfẹ́ ni, akéwì náà ń kìlọ̀ fún ẹni tí ìfẹ́ fẹ́ fi oògùn mú ni.

Ọmọ_Oníṣègùn:
Kó fi orúkọ bàbá tirẹ̀ kìlọ̀.

Bọ̀dá_Tẹnọ̀:
Ẹ sinmi ná. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀sanyìn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní Ìsẹ́yìn. Ohùn tín-ín-rín bí ti ẹyẹ, ẹnu bàbá tó gbé e wá ò sì mì. Mo sá, bàtà mi kan ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ohùn tó ń pè ọ́ tí o ò mọ ibi tó ti ń bọ̀, bóyá ìyẹn ló dé etí àwọn ará ọ̀hún, tí wọ́n fi sọ ọ́ di ti ẹlẹ́tàn.

Ẹlẹ́jọ́:
Bàbá yẹn ló ń fi ọ̀nà ọ̀fun sọ ọ́.

Ọmọ_Oníṣègùn:
Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọ̀pá náà. N óò san owó ọkọ̀ yín.

Àyànfẹ́_Olúwa:
Ìdí tí mi ò fi ń gbọ́ irú orin wọ̀nyí nìyẹn.

Yétúndé_Bàhíà:
Baden Powell náà di ajíhìnrere nígbẹ̀yìn o, kò fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pe “saravá”, ìkíni àwọn olórìṣà ibẹ̀, mọ́ nínú orin. Àmọ́ kò gbé gìtá sílẹ̀.

Ọmọ_Láfíàjí:
Èmi, ọ̀rọ̀ “sámbà” yẹn ló mú mi wá síbí. L'Ékòó tiwa, ìlù ni sámbà. Pákó mẹ́rin onígun mẹ́rin, awọ lójú kan. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló mú un dé, òun ni wọ́n ń lù sí asíkò kí jùjú tó dé. Ọ̀kan wà lórí àjà nílé wa, ekòló ti jẹ igun rẹ̀ kan. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ Jazz Samba, ìlù yẹn ni mò ń wá nínú rẹ̀, n ò gbúròó rẹ̀.

Olótìítọ́_Ọ̀rọ̀:
Ekòló kì í jẹ pákó, ikán ni.

Ọmọ_Láfíàjí:
Ẹni tó ni ilé ló mọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Leeds:
Ẹ̀yin ọmọ Àgùdà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti yọjú, frejon Fúráìdé tó ṣáájú Àjíǹde, ṣé ẹ máa ń fi ṣúgà sí i? Èmi kì í fi sí i, ìyá ọkọ mi ní n ò mọ̀ ọ́n sè.

Ọmọ_Láfíàjí:
Ẹ̀wà tí ẹ fi oje àgbọn sè tí kò ní ṣúgà, ẹ kàn se ẹ̀wà ni.

Àdùkẹ́_Surulere:
Irọ́! Ọbẹ̀ ẹja wo ni ẹ máa fi jẹ ẹ̀wà onísúgà?

Ọmọ_Láfíàjí:
Ọbẹ̀ ẹja yẹn náà. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó pariwo.

Okùn_Mẹ́fà:
Mo béèrè ọ̀rọ̀ gìtá, ẹ ti gbé ìkòkò kaná. Ṣé ẹnikẹ́ni ní kọ́ọ̀dù Samba Triste lọ́wọ́?

Wáyà_Já:
Mo ní in. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, n óò yà á ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́jọ́:
Mo lọ gbọ́ àwo náà. Onílù méjì ló wà níbẹ̀?

Bọ̀dá_Tẹnọ̀:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì ń jẹ́ Bill Reichenbach. Kí lẹ rí sí i?

Ẹlẹ́jọ́:
Kò burú. Fún lífítì.