Ilé ló ń sinmi, ta ló ń kọ́ ọmọ?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé pélébé fún àwọn ìyá Yorùbá ní Houston béèrè orúkọ tí a ó pe ẹni tó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ọmọ kéékèèké. Àwọn kan dáhùn pé «olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi», àwọn mìíràn ní «olùtọ́jú ọmọ». Èmi tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀hún lọ́wọ́, méjèèjì ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Jẹ́lé-ó-sinmi dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i: ilé ló ń sinmi! Ìyá tí ariwo ti sú ló sọ ibẹ̀ lórúkọ, kò sí ẹni tó bi ọmọ. Láyé ìgbà yẹn, bí ọwọ́ ọmọ kò bá tíì lè gba orí kan etí òdìkejì, wọn kì í gbà á sí kíláàsì kìíní, jẹ́lé-ó-sinmi ni yóò ṣì máa lọ. Iṣẹ́ tí à ń kọ́ níbí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, ó sì dé ọmọ ọdún 8. Ọmọ oṣù mẹ́fà tí mo ń gbé jó, ilé ta ló wá jẹ́ kó sinmi?

«Olùtọ́jú» ńkọ́? Kí èèyàn tó gba CDA (Child Development Associate), ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní Amẹ́ríkà, yóò fi wákàtí 120 kẹ́kọ̀ọ́, yóò sì lo wákàtí 480 láàárín àwọn ọmọ. Ìlédìí pípààrọ̀ nìkan kò gba gbogbo ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa ní ká wo ọmọ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká sì kọ ohun tí a rí. Mo kọ ọ́ pé: «Olóríkunkun ni.» Ó fi báírò pupa fa igi lé e, ó ní ṣé ojú mi ló rí oríkunkun. Mo tún un kọ: «Ó to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin léra. Mo ní kó wá jẹun. Ó wò mí, ó gbé ìkarùn-ún lé e.»

Èmi fara mọ́ «atọ́mọ». A ti ní akọ́mọlédè, ìhun kan náà ni. «Tọ́» gba ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ní òbí nìkan ló ń tọ́ ọmọ kò gbé agboolé rí. (Ọmọ mi ní ó dún bí átọ́ọ̀mù. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ.)

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí (community college), ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ «kọ́lẹ́ẹ̀jì» lásán. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bi mí pé kí ló gbé mi padà sí girama. «Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àdúgbò» ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi kún un pé ọdún méjì ni oyè ibẹ̀ ń gbà.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ fúnra rẹ̀ lè máa jẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ, n kò bá a jà. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn ju atọ́mọ lọ, kó tètè gbé e wá kí ìwé ẹ̀gbọ́n tó dé ilé ìtẹ̀wé.