Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n mi ní kí n parọ́ fún màmá wa nítorí ire wọn

Olùbéèrè
Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo kí yín. Inú mi kò dùn rárá bí mo ti ń kọ èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn dókítà ti sọ fún àwa ọmọ pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe màmá wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe àwa ọmọ márààrún jọ, wọ́n sì pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé etí màmá, pé ọgbẹ́ inú lásán ni kí a máa pè é. Nígbà tí mo sọ pé irọ́ nìyẹn, wọ́n bi mí pé ta ni òtítọ́ mi yóò ṣe láǹfààní. Wọ́n ní àìmọ̀ yìí ni màmá fi ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi ń rí oorun sùn, tí ọkàn àwa ọmọ náà sì balẹ̀. Pé bí a bá kó ìdùnnú gbogbo wa lé òṣùwọ̀n, tí a sì kó ìbànújẹ́ tí òtítọ́ yóò fà sí apá kejì, kò sí ẹni tí kò ní rí èyí tó wúwo jù. Wọ́n ní ohun tí Jeremy Bentham, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, fi kọ́ni nínú ìwé tó gbé jáde ní 1789 nìyẹn: ìwà tó bá mú ayọ̀ pọ̀ jù, tó sì dín ìrora kù jù, ni ìwà tó tọ́.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo ka Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn mi: kí ènìyàn má hùwà lórí ìlànà kankan àyàfi èyí tí òun náà lè fẹ́ kí ó di òfin fún gbogbo ayé, kí ó má sì lo ọmọnìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun èlò lásán láé. Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn àbúrò, wọ́n ní ìwé ni mo fẹ́ràn, n kò fẹ́ràn ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń gbé pẹ̀lú màmá, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, orí fóònù ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń pàṣẹ. Àbúrò mi obìnrin tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn mi náà ti yí padà báyìí. Ẹ sọ fún mi: ṣé ojúṣe ni kí n tẹ̀ lé, àbí àǹfààní tí wọ́n ń kà sílẹ̀ yìí?

Ìyá Bọ́lá
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo ka ẹ̀sùn tí o fi kan ẹ̀gbọ́n rẹ, mo sì ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wẹ̀ fún ìyá yín àti ẹni tó ń pàṣẹ lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò rí ohunkóhun nípa ohun tí ìyá yín fúnra wọn ń fẹ́. Ṣé wọ́n ti béèrè? Ṣé wọ́n ti sọ rí pé àwọn kò fẹ́ mọ̀? Bí a kò bá mọ èyí, inú òkùnkùn ni gbogbo wa yóò ti máa gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Àkànní
Àwa fi irú àìsàn yìí pamọ́ fún bàbá wa. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan tó rò pé wọ́n ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ lẹ́nu wa mọ́. Nígbà tí a sọ pé abẹ́rẹ́ kan yóò dín ìrora wọn kù, tí òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní a tún ti dé. Ayọ̀ òní nìkan ni ẹ̀gbọ́n yín ń kà. Ẹ ní kí wọ́n ka ọjọ́ tí àṣírí bá tú náà mọ́ ọn, nítorí ẹni tó bá ní àbájáde ni òun ń wò gbọ́dọ̀ wò ó dé òpin.

Mopélọ́lá
Tiwa yàtọ̀ sí ti Àkànní. A sọ òtítọ́ fún ìyá wa ní ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò dé, wọ́n sì kọ ìtọ́jú láti ọjọ́ náà. Kò tíì sí ẹni tó lè fi yé mi pé ojúṣe tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn sàn ju ìgbà díẹ̀ tí ìyá wa ì bá tún fi wà láyọ̀. Kant yìí kan náà ló kọ̀wé ní 1797 pé ènìyàn kò gbọdọ̀ parọ́, bí apànìyàn tilẹ̀ wá béèrè bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá pamọ́ sínú ilé. Ta ni yóò fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe amọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn?

Olùkọ́ Àgbà
Ohun kan wà tó ti ẹ̀gbọ́n olùbéèrè lẹ́yìn ju ọ̀rọ̀ Bentham lọ. Nígbà tí John Stuart Mill, tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Bentham, ń gbèjà ìlànà àǹfààní yìí kan náà ní 1861, ó dárúkọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ó ní òfin òtítọ́ sísọ ní àwọn ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ni fífi ìròyìn burúkú pamọ́ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Nínú àlàyé kan náà ló ti sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa ló gbé ìgbé ayé àwùjọ ró, àti pé kí a pààlà sí ibi tí a ti lè yẹ òfin náà, kí ó má baà gbòòrò ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ mọ ẹni tí irọ́ yìí ń dáàbò bò: ṣé màmá ni, àbí àwọn ọmọ tí kò fẹ́ rí omijé màmá?

Ọmọ Ìwé
Ó jọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tí Philippa Foot, onímọ̀ ọgbọ́n orí, gbé kalẹ̀ ní 1967, níbi tí awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe é dá dúró ti lè yí i kúrò lójú ọ̀nà tí ènìyàn márùn-ún wà sí èyí tí ẹnì kan wà. Ọmọ márùn-ún ni yín, màmá jẹ́ ẹnì kan.

Ìyá Bọ́lá
Ọmọ Ìwé, jọ̀wọ́, kò sí ẹni tó dúró lójú irin níbí. Ọmọ márùn-ún tí ọkàn wọn kò balẹ̀ kì í ṣe òkú márùn-ún. Olùbéèrè, o kò tíì dá mi lóhùn.

Olùbéèrè
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mopélọ́lá, n kò sọ pé kí a já ìròyìn náà lu màmá lójijì. Ẹ̀sùn tí mo fi kan ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe àsọdùn. Bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré wa nìyẹn. Ní tèmi, n kò tíì pè é ní ọgbẹ́ inú rí. Mo kàn dákẹ́ ni. Ìyá Bọ́lá, màmá kì í sábà béèrè nǹkan.

Adúróṣinṣin
Ìdákẹ́ yẹn kò lòdì sí Kant, bí Mopélọ́lá ti lè rò. Nínú lẹ́tà tó kọ sí Moses Mendelssohn, onímọ̀ ọgbọ́n orí bíi tirẹ̀, ní 1766, ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan ló dá òun lójú tí òun kò ní ní ìgboyà láti sọ, ṣùgbọ́n òun kò ní sọ ohun tí òun kò gbà gbọ́ láé. Ẹ sì tún wo èyí: bí gbogbo ọmọ bá ń parọ́ ìtùnú fún òbí tó ń ṣàìsàn, òbí wo ni yóò rí ìtùnú gbà nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá sọ fún un pé ara yóò yá? Irọ́ náà yóò pa ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ run.

Mopélọ́lá
Ìdákẹ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi mú ẹlòmíràn gba irọ́ gbọ́, èso kan náà ló ń so. Ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú.

Olùbéèrè
Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Màmá ti béèrè. Èmi nìkan ni wọ́n ń bi, wọ́n ní èmi kì í tan àwọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi. Ohun kejì ni pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn, èyí tí a ó ti gé apá tó pọ̀ nínú ikùn wọn kúrò, tí bí wọ́n ti ń jẹun yóò sì yí padà títí ayé. Ìwé ìfọwọ́sí ti wà nílẹ̀. Màmá kò mọ̀wé kà, èmi ni mo máa ń ka ìwé fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí n kà á bí ìwé ìtọ́jú ọgbẹ́ inú kékeré, kí màmá sì tẹ̀ka sí i.

Olùkọ́ Àgbà
Ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyí, ó sì yẹ kó ti ṣáájú. Ìròyìn ni Mill ń sọ. Kò sọ pé kí a gba ìpinnu lórí ara ènìyàn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kant ti sọ ní 1785 pé ẹni tí a ń fi irọ́ darí kò lè fọwọ́ sí ohun tí a ń ṣe sí i, nítorí kò mọ̀ ọ́n. W. D. Ross pàápàá, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó kọ̀wé ní 1930 pé ojúṣe wa pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì sí ìlànà kan tó ń sọ èyí tó wúwo jù nígbà gbogbo, kò ní ní iyèméjì púpọ̀ níbí: ìṣòótọ́ àti àìpanilára ń fa olùbéèrè sí apá kan náà.

Mopélọ́lá
N kò yí ohùn padà lórí ìròyìn, ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka yìí kò sí nínú ohun tí mo ń gbèjà. Kíkọ̀ tí ìyá wa kọ ìtọ́jú ṣì ń dùn mí, síbẹ̀ ara tiwọn ni.

Ìyá Bọ́lá
Ọmọ mi, bi wọ́n báyìí: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ, kí ó sì bá yín pinnu?" Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, àwọn ni wọ́n mú un, ìwọ kò sì parọ́.

Olùbéèrè
N kò ní ka ìwé náà ní àkàparọ́. Mo ti bẹ dókítà pé kí òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé, n ó sì béèrè bí Ìyá Bọ́lá ti wí. Ṣùgbọ́n bí màmá bá ní ẹ̀gbọ́n mi ni kí ó gbọ́ ọ nítorí àwọn ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún màmá ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí n ṣe?

Adúróṣinṣin
Bí màmá bá yan ẹ̀gbọ́n yín láìmọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ti gbìyànjú láti ṣe, yíyàn náà kò pé. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ẹ ó sọ ọ́, kí wọ́n lè fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún màmá. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ sọ ọ́ kí màmá tó yàn.