“Ina n jo”: jò ni àbí jó?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe máa fi Yorùbá pe àwọn nǹkan inú ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ní kí a wá orúkọ mìíràn fún ẹ̀rọ amúlétutù (ésì) tó bá wà nínú ọkọ̀, torí pé ọkọ̀ kì í ṣe ilé. “Amọ́kọ̀tutù” ni wọ́n dábàá. Ẹlòmíràn wá fi kún un pé ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná rìn pa pọ̀, “ọkọ̀ àdàmọ̀dì” ni kí a máa pè é. Mo ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Prius ọdún 2006 tó ti òkè òkun bọ̀, ésì rẹ̀ sì ti ń yọ mí lẹ́nu láti bí ọdún méjì. Ẹ gbà mí láyè kí n dá sí i.

Àdàmọ̀dì kẹ̀? Oògùn àdàmọ̀dì, owó àdàmọ̀dì, ayédèrú la mọ̀ ọ́n sí. Bí mo bá pe ọkọ̀ mi bẹ́ẹ̀, ta ni mo fẹ́ tà á fún? “Ajepojẹná” tí àbúrò kan mú wá dùn létí, àmọ́ irọ́ wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kì í jẹ iná tẹnikẹ́ni. Epo bẹntiróòlù nìkan ni mo ń rà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ara ẹ́ńjìnnì àti bíréékì ṣe iná sínú bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ tí kì í bi mí pé níbo ni mo ti ń ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí kò síná. Orúkọ tó máa fi kún irú ìbéèrè yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sílẹ̀. “Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì” tó mi.

Ní ti “amúlétutù”, ẹ má fọwọ́ kàn án. Rédíò tí à ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì tipẹ́, àràárọ̀ ni àwọn èèyàn ń pè wọlé tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jiyàn, a ò sì torí ẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. Àti pé nínú Prius, ilé ni inú ọkọ̀ lóòótọ́, ayálégbé wà níbẹ̀. Bátìrì ńlá yẹn, tí agbára rẹ̀ lé ní 200 fólítì, atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló ń mí: ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tí fáànù ń gbà fà á sí i lára. Bí ooru bá mú wa níwájú, ó ń mú òun náà lẹ́yìn, ooru sì ni ikú rẹ̀. Ẹni tó bá fi àpò gààrí dí ihò yẹn, ọrùn ayálégbé ló fún pa.

Kí n wá débi tó ń dùn mí gan-an: ọ̀rọ̀-ìṣe. Orúkọ la ń bá jà, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ba ọkọ̀ wa jẹ́.

“Gáàsì ti tán.” Ohun tí gbogbo oníésì máa ń sọ nìyẹn. Gáàsì ésì kì í tán. Kò jọ epo tí ẹ́ńjìnnì ń sun. Ńṣe ló ń yí po nínú páìpù: afúnpọ̀ (mo fara mọ́ orúkọ yìí fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ọwọ́ ẹni tó rò ó kò ní gbẹ) á fún un pọ̀, á gbóná janjan, á lọ da ooru rẹ̀ nù níwájú ọkọ̀ nítòsí rédíétọ̀, á di omi, lẹ́yìn náà á wọlé wá fẹ̀, á tutù, á gba ooru ara wa, á sì tún gbéra. Bó bá dín, ó jò ni. Gbogbo èyí tó wà nínú tèmi kò ju nǹkan bí ààbọ̀ kílò lọ, jíjò bíńtín ti tó láti sọ atẹ́gùn rẹ̀ di ti fáànù lásán. “Ó jò” ń ní kí a wá ihò, kí a wo orí ìsopọ̀ páìpù bóyá eruku ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì níbẹ̀. “Ó tán” ń ní kí a rọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rọ ọ́ kí n tó bi ara mi pé ibo ni ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn ló bí ìyókù. Ọmọkùnrin tó ṣe é ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ bẹ́líìtì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yín o!” Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀ rí. Prius àkọ́kọ́ ló ń lo bẹ́líìtì. Láti ti ọdún 2004, iná bátìrì ńlá ló ń yí afúnpọ̀, kí ésì lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ sùn. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wọ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ pa. Ó rọ gáàsì náà, ó da ọ́ìlì tó máa ń dà fún ọkọ̀ oníbẹ́líìtì sí i, PAG. Wáyà inú afúnpọ̀ yìí, inú ọ́ìlì ló ń gbé, ND-11 tí kì í jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá ló sì yẹ ẹ́. PAG kò ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, iná ìkìlọ̀ tàn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ gbé kóòdù àṣìṣe P0AA6 jáde, ìyẹn ni pé iná ti ń dé ara ọkọ̀, níbi tí kò yẹ kó dé.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Abẹ́òkúta: “Ina n jo ninu compressor.” Ta ló ń fi àmì ohùn sórí fóònù? Ìṣẹ́jú méjì ò pé tó fi pè mí tó ń pariwo: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti sọ̀kalẹ̀? Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sí i!”

Mo ní jò ni mo wí, n ò wí pé jó. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀.

Kódà bí àmì bá wà lórí rẹ̀, “jò” kò tẹ́ mi lọ́rùn fún iná. Òrùlé ń jò, agbọ̀n ń jò, ẹ ó rí i tó ń kán. Iná tó jáde kì í kán, ńṣe ló ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án, ìgbà yẹn la ó tó sọ pé iná gbé e. Nítorí náà, àbá tèmi ni “iná ṣìnà”, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: ọ̀nà ló ṣì. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfàmì sí i láti wò ó, mo sì gbé e fún ìyàwó mi, ọmọ ilé kéú. Ó kà á sókè, ó wò mí lójú:

“Iná ń ṣe sìná? Pẹ̀lú ta ni?”