Ẹ̀jẹ̀ tó dì yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ṣù

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a pe agglutination, ìyẹn kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ so mọ́ra wọn, ní "dídì ẹ̀jẹ̀" nínú ìwé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù. Èmi kò gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó dì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ó ń dì lójú ọgbẹ́, fibrin tó rí bí òwú ló sì ń hun ún pọ̀. Ohun tí à ń wá nínú crossmatch, àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí aláìsàn lára bá tirẹ̀ mu, kì í ṣe ìyẹn. Antibody, èròjà tí ara fi ń gbógun ti ohun àjèjì, tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló ń so sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó fẹ̀jẹ̀ tọrẹ mọ́ra. Ó ṣù ni. Àwọn kan ní "ṣù" jọ ṣíṣu. Àmì ohùn ti yà wọ́n, ṣebí a sì ń pe ìràwọ̀ tó kóra jọ ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀.

Ẹ wo ibi tó ti ń ṣini lọ́nà. A ó kán omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú túùbù lẹ́ẹ̀mejì, a ó kán sẹ́ẹ̀lì tí a ti fi omi oníyọ̀ là sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò bá tíì dì tán kí a tó fa omi rẹ̀, fibrin á yọ nínú túùbù, á kó sẹ́ẹ̀lì mọ́ra, olùyẹ̀wò á sì ní ó ṣù. Wọ́n á wá ti ẹ̀jẹ̀ tó bá aláìsàn mu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń kọ "ó dì" fún méjèèjì, báwo ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe fẹ́ mọ èyí tó rí?

"Ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀" fún crossmatch náà kò dára. Aláìsàn tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára. Ìfẹ̀jẹ̀wẹ́jẹ̀ tó.

Bó ṣe ṣù tó náà fẹ́ orúkọ. 4+ ni ìṣù kan ṣoṣo nínú omi tó mọ́ gaara. 1+ jẹ́ wínníwínní nínú omi tó pọ́n. Kí a rọra yí túùbù o, torí bí a bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, wínníwínní á tú ká.

"Kò ṣù" gan-an nílò ẹ̀rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 nínú ooru 37°C, a ó fi omi oníyọ̀ fọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán, kí a tó kán anti-human globulin, oògùn tó ń so sẹ́ẹ̀lì tí antibody ti lẹ̀ mọ́ lára pọ̀, sí i. Bí kò bá mọ́, antibody tó ṣẹ́kù nínú omi á pa agbára oògùn náà. Nítorí náà, túùbù tí kò bá ṣù, a ó fi sẹ́ẹ̀lì tó ti ní antibody lára tẹ́lẹ̀ kún un. Bí ìyẹn náà kò bá ṣù, a jẹ́ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́; kí a pa èsì rẹ́, kí a tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.